Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Ṣé A Lè Gba Orí Ènìyàn Pààrọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín o. Ọmọ ọdún 43 ni mí, aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn. Láti ọdún méjì tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, kò sí ìrẹ́pọ̀ láàárín wa mọ́. Bí mo bá ti ọjà dé, ìjà ni, kì í sì í fẹ́ jẹ oúnjẹ mi. Ọjà kò tà bíi ti tẹ́lẹ̀, n kì í sì í rí oorun sùn. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ru dé 165/100, wọ́n sì fún mi ní oògùn. Ọ̀rẹ́ mi kan wá mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan, ó ní wọ́n ti gba orí mi, wọ́n sì ti fi orí burúkú pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21, kí n má lo oògùn kankan, kí n sì mú ₦350,000 wá fún ètùtù. Oṣù tó ń bọ̀ ni èsúsú yóò kàn mí, iye tí n ó sì kó náà nìyẹn. Ṣé kí n gbé e fún un?
— Oníṣòwò aṣọ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ẹ má gbé owó náà fún un. Inú àṣà tí ẹni náà ń fi ẹnu pè gan-an ni n ó ti fi ìdí rẹ̀ hàn yín.

Ohun tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ nípa orí ni pé ọ̀run ni olúkúlùkù ti yan tirẹ̀, ní ilé Àjàlá Alámọ̀, kí ó tó wá sí ayé, àti pé kì í ṣe gbogbo orí tí Àjàlá mọ ni ó jinná. Ifá sọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Orísẹ̀ẹ̀kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, tí wọ́n jọ fẹ́ lọ yan orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ sáré dé ibẹ̀, wọ́n gbé èyí tí ojú wọn rí pé ó dára, òjò sì bà á jẹ́ kí wọ́n tó dé ayé. Afùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà, kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n dífá fún un, ó sì mú iyọ̀ àti owó dání. Lójú ọ̀nà, ó bá bàbá kan tí ó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó sì fún un ní iyọ̀. Nígbà tí ó dé ilé Àjàlá, ó bá a níbi tí ó sá pamọ́ sí nítorí olówó, ó bá a san gbèsè náà, Àjàlá sì fúnra rẹ̀ tọ́ka orí rere fún un. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ibì kan nínú ìtàn yìí tí ẹnikẹ́ni ti gba orí ẹlòmíràn. Afùwàpẹ́ gba ìmọ̀ràn, ó ṣoore fún ẹni tí kò mọ̀ rí, ó sì san gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà gbà pé ayé lè yọ orí ẹni lẹ́nu, n kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ orí lẹ́nu kò jẹ́ kí ó di ọjà tí a ń gbà pààrọ̀, tí ẹnì kan yóò sì dá iye owó tí a ó fi rà á padà.

Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jùlọ nínú lẹ́tà yín ni oògùn tí ó ní kí ẹ pa tì. Nínú gbogbo ire tí a ń tọrọ, ire ajé, ire ọkọ tàbí aya, ire ọmọ, ire àìkú ni ó ṣáájú, nítorí pé ẹni tí ó bá wà láàyè ni yóò gba ìyókù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé 140/90 tí kò sì sọ̀kalẹ̀, àwọn dókítà ti ń pè é ní àìsàn. Tiyín ti kọjá ibẹ̀ dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè sọ ènìyàn di arọ lójijì láìjẹ́ pé ó ti dùn ún tẹ́lẹ̀. Ẹ padà sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti dá oògùn dúró bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má sì gba ààwẹ̀ kankan láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ sí i. Ẹ dín iyọ̀ kù pẹ̀lú: àjọ ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, èyí tí kò ju ṣíbí tíì kan lọ, ti inú magí sì wà lára rẹ̀. (Iyọ̀ tí Afùwàpẹ́ fi tọrẹ kò sí nínú èyí.)

Ní ti ọkọ yín, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé Ọ̀rúnmìlà pàápàá fẹ́ ìyàwó kan tí ń jẹ́ Ìwà, ọmọ Sùúrù. Ó ní ọ̀bùn ni, ó ń bá a wí ṣáá, títí tí Ìwà fi kó ẹrù rẹ̀ lọ. Àlejò dáwọ́ dúró nílé Ọ̀rúnmìlà, owó kò wọlé mọ́, ni ó bá ń wá ìyàwó kiri láti ilé ọba kan dé òmíràn. N kò sọ pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ jẹ̀bi. Ọkùnrin tí kò jẹun nílé náà ní ọ̀rọ̀ láti jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń bá ara rẹ̀ jà kí ẹ tó ti ọjà dé. Ẹ gbìyànjú kí ẹ má mẹ́nu ba owó títí ẹ ó fi wẹ̀, tí ẹ ó sì jẹun tán. Bí ó bá ní ìwé tí ó kà, ẹ fi ìwé ìṣirò ọjà lé e lọ́wọ́, tàbí kí ó máa bá yín lọ kó ọjà ní Balógun ní Èkó, kí ó lè rí ohun tí yóò pè ní iṣẹ́. Bí èyí kò bá wọ̀, ẹ pe àgbà kan láti ìdílé rẹ̀, ẹni tí kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Èsúsú ńkọ́? Ọjà ni kí ẹ fi rà, kí ẹ sì yọ owó oògùn sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyókù.

ÌBÉÈRÈ: Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Ṣé mo lè bọ orí mi fúnra mi, níwọ̀n ìgbà tí n kò rí babaláwo nítòsí?
— Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

ÌDÁHÙN: Ẹ lè ṣe é. Orí yín súnmọ́ yín ju babaláwo èyíkéyìí lọ. Ohun tí ẹ nílò babaláwo fún ni láti dífá, kí ẹ lè mọ ohun tí orí yín ń béèrè. Fún ti àárọ̀ ojoojúmọ́, ẹ bu omi tútù sínú àwo, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ fi ìka kàn án, ẹ fi kan iwájú orí, àtàrí àti ìpàkọ́, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi obì kún un, obì àbàtà olójú mẹ́rin ni, kì í ṣe gbànja. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú: àwọn ọmọ wa ní Cuba ti ń fi àgbọn tí a fọ́ sí mẹ́rin rọ́pò rẹ̀ láti ìgbà ìran wọn, obì náà ni wọ́n sì ń pè é títí di òní.