Èsì: Dúdú abẹ́ ojú tí páńkéèkì ò bò

Àǹtí mi, ẹ ní abẹ́ ojú yín ń dà bí eérú tí ẹ bá fi páńkéèkì bo dúdú ibẹ̀. Àwọ̀ páńkéèkì yẹn ló mọ́lẹ̀ jù. Ẹ kọ́kọ́ fi corrector (ìpara ìṣojúlóge tó ń pa dúdú) aláwọ̀ ọsàn díẹ̀ síbẹ̀, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ má fà á, kí ẹ tó fi concealer (ìpara tó ń bo àbàwọ́n ojú) tó bá àwọ̀ yín mu lé e.

Ẹ tún béèrè bí dúdú náà ṣe lè dínkù. Ẹ ní ẹ ń jí ní aago 4 ìdájí torí ọkọ̀ Ìkòròdú sí Èkó; oorun yín ò lè tó, àìsùn sì lè jẹ́ kó hàn sí i! Ẹ má máa fọwọ́ ra ojú tó bá ń yún yín. Tó bá jẹ́ ti ìdílé, kò ní lọ tán. Ìpara tó ń bóra ńkọ́? Ẹ má fi kan ibẹ̀ o. Steroid (oògùn líle kan) inú òmíràn lè ṣàkóbá fún ojú.