Kí ni à ń pè ní ahoro nílẹ̀ Ọ̀kun?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń gbàdúrà pé ilé wa kò ní dahoro. Mo sì mọ òwe tó ní, "Àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́, baálé kú, ilé dahoro." Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá bàbá mi lọ oko ní Ìjùmú, nílẹ̀ Ọ̀kun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ó nawọ́ sí ibì kan lórí òkè, inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ pé, "Ahoro wa nìyẹn." Igi oṣè ńlá kan wà níbẹ̀, àfọ́kù ìkòkò pọ̀ nílẹ̀, àwọn òkúta dúdú kan sì wà tó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Báwo ni ohun tí à ń gbàdúrà kó má ṣẹlẹ̀ sí wa ṣe tún di ohun àmúyangàn? Ṣé èèwọ̀ ni kéèyàn dáko síbẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, bí a ṣe ń kíra wa nílẹ̀ wa, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ yìí ká èmi náà lára nígbà kan, àfi ìgbà tí ìyá mi àgbà mú mi gun òkè ni mo tó mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọ̀nà méjì la fi ń lò ó. Bí a bá ní kí ilé má dahoro, ohun tí à ń bẹ̀rù ni kí ìdílé run, kó má ku ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn ní àárọ̀. Ahoro tí bàbá rẹ nawọ́ sí kì í ṣe ibi tí ìdílé run sí, ibi tí ìdílé ti ṣí kúrò ni. Àwọn tó ni ín wà nísàlẹ̀ òkè, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń jẹ iṣu. Ẹni tó bá sọ nílẹ̀ wa pé "ahoro wa nìyẹn," ohun tó ń sọ ni pé òun kì í ṣe àlejò níbẹ̀.

Wo bí àgbẹ̀ ṣe ń sọ ilẹ̀ lórúkọ, yóò yé ọ. Ẹgàn ni igbó tí àdá kò tíì kàn. Ìgbòrò ni ilẹ̀ tí a ti dá rí, tí a wá fi sílẹ̀ kó sinmi. Akùrọ̀ ni etí odò tí à ń gbin nǹkan sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ahoro ni ilẹ̀ tí èèyàn ti sùn lé rí. Ojú àgbẹ̀ kò fi wọ́n wé ara wọn, bí gbogbo wọn tilẹ̀ jẹ́ igbó lójú ẹni tó ń gba inú mọ́tò kọjá.

Nípa àwọn òkúta dúdú yẹn, wọn kì í ṣe òkúta. Ìdàrọ́ ni. Bí o bá tún débẹ̀, mú ọ̀kan kí o yí i padà. Wàá rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ń dán, ó sì ṣẹ́po bí ẹ̀kọ gbígbóná tó ṣàn kalẹ̀ kó tó dì. Ẹ̀gbẹ́ kejì kún fún ihò wẹ́wẹ́. Ó ṣàn lóòótọ́. Àwọn baba wa a máa fi amọ̀ mọ ìléru, wọ́n á da èédú àti òkúta irin sínú rẹ̀, wọ́n á sì máa fi ẹwìrì fín iná ọ̀hún láìsinmi. Ìdọ̀tí inú òkúta á yọ́, á ṣàn jáde, irin á kù sẹ́yìn fún alágbẹ̀dẹ. Ohun tó ṣàn jáde tó wá dì ni ìdàrọ́. Bí o bá wò dáadáa, wàá rí àwọn ègé amọ̀ tó jóná, tí ihò la àárín wọn kọjá: ibẹ̀ ni atẹ́gùn ẹwìrì ń gbà wọnú iná. Irin kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa. Òkè Àgbájà lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Ọ̀wọ́rọ̀ kún fún òkúta irin títí di òní.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ jù ni pé iṣẹ́ irin yìí àti iṣẹ́ oko ni wọ́n jọ ṣe ilẹ̀ wa bó ṣe rí. Ẹrù igi rẹpẹtẹ ló ń jóná di èédú kí irin tí yóò tó ọkọ́ mélòó kan tó jáde. Àdá ń ṣán igbó, igbó ń di èédú, èédú ń bí àdá mìíràn. Fi iná ọdẹ àti iná ẹ̀ẹ̀rùn kún un, kí o wá ka ìran mélòó ló ti kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá ọ̀dàn tó wà láti Kàbà títí dé Ìsánlú nìyẹn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀. Igi irú àti igi òrí tí o ń rí káàkiri kò dá dúró lásán: àgbẹ̀ ló ń ṣán èyí tó kù, tó ń dá àwọn wọ̀nyí sí nítorí ọbẹ̀ àti òróró. Ibi tí igbó ti ṣẹ́kù dáadáa ni etí odò, ibẹ̀ náà ni àwọn baba wa sì lọ gbin kòkó àti kọfí sí nígbà ìjọba òyìnbó.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí èèyàn ti wà nílẹ̀ wa. Ní ihò àpáta Ìtáàkpá, ní Ìffẹ̀-Ìjùmú, àwọn awalẹ̀pìtàn hú egungun èèyàn, àfọ́kù ìkòkò àti èkùrọ́ jáde, ọjọ́ orí wọn sì ti lé ní 2,000 ọdún. Ìyẹn ni pé àwọn èèyàn ti ń jẹ ẹyìn níbẹ̀ láti ìgbà náà.

Kí ló wá lé àwọn baba wa kúrò lórí òkè? Ogun ló kọ́kọ́ mú kí ọ̀pọ̀ sá lọ sí orí òkè. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà ń wá kó wa lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Nígbà tí owó ẹyọ tán, ọmọ èèyàn ni àwọn ìlú ń fi san án. Ẹṣin kì í gun àpáta, òkè sì di ilé ààbò. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó, kúrò ní Lọ́kọ́ja, wọ́n wọ Kàbà, wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà lóṣù kan náà. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Oko wà nísàlẹ̀, omi wà nísàlẹ̀, ìjọba sì fẹ́ kí wọ́n kó jọ sí etí ọ̀nà kí owó orí lè rọrùn láti gbà. Bí òkè ṣe di ahoro nìyẹn. Irin òyìnbó ti ń wọlé nígbà yẹn pẹ̀lú, ó sì rọrùn rà ju kéèyàn máa jó igbó lọ. Ìléru kú, ṣùgbọ́n àgbẹ̀dẹ kò kú; irin àlòkù ni wọ́n ń rọ.

Iṣẹ́ òwú náà wà níbẹ̀, kí a má gbàgbé àwọn ìyá wa. Ọkùnrin ń gbin òwú sí àárín iṣu, obìnrin ń ran án, ó sì ń hun ún lórí òfì tó gbé ti ara ògiri. Àwọn ará Búnú ló ń hun aṣọ ìpò pupa tí a fi ń sin àwọn ẹni ńlá. Ó máa ń wù mí láti rántí pé ní ọdún 1841, àwọn òyìnbó wá dá oko kan sí itòsí Lọ́kọ́ja pé àwọn fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń gbin òwú. Ọdún kejì kò parí tí wọ́n fi kó kúrò, oko wọn náà sì di ahoro.

Ìyá mi àgbà kì í fi ìwé júwe ahoro wa. Orí àpáta kan ló mú mi lọ, níbi tí ojú ọlọ wà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, gígùn, jíjìn díẹ̀, tó ń dán. Ó ní kí n fi ọwọ́ sínú ọ̀kan. Àtẹ́lẹwọ́ mi wọ inú rẹ̀ rẹ́gí, ó sì tutù bí ẹni fọwọ́ kan omi. Ó ní, "Ìyá ìyá mi lọ ọkà bàbà níbí." Ó wá tọ́ka sí oṣè, ó ní abẹ́ rẹ̀ ni ọjà wà. Láti ibẹ̀ ló ti ka orúkọ ìdílé mẹ́rin àti ibi tí ojúlé kọ̀ọ̀kan wà.

Ìdí tí bàbá rẹ fi ń yangàn nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délé ẹjọ́ àwọn àgbà, ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni: níbo ni ahoro yín wà? Ta ni ẹ sin síbẹ̀? Pèrègún ta ló wà lójú àlà? Ìdí yìí kan náà ni a kì í fi í jẹ́ kí ẹni tó tọrọ ilẹ̀ gbin kòkó tàbí ọ̀pẹ. Ó lè gbin iṣu, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, nítorí igi a máa pẹ́ nílẹ̀ ju àdéhùn ẹnu lọ.

Ọkàn mi kì í balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí lásìkò tí a wà yìí. Wọ́n ń wa góòlù àti àwọn òkúta olówó iyebíye mìíràn nílẹ̀ Yàgbà, símẹ́ǹtì ń jáde ní Ọbàjànà láti 2007, kò sì sí ohun tó burú nínú kí iṣẹ́ wà. Ṣùgbọ́n katapílà kan lè kó òkìtì ìdàrọ́ dànù láàárín wákàtí kan, wọ́n á ní àwọn ń tẹ́ ọ̀nà, kò sì ní sí ẹni tó mọ ohun tó lọ.

O bi mí bóyá èèwọ̀ ni láti dáko síbẹ̀. Ní ìdílé tiwa, kì í ṣe èèwọ̀. Ibi tí ààtàn àwọn àgbà wà, ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, eérú ìdáná ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú rẹ̀, ata a sì máa ṣe dáadáa níbẹ̀. Kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ olórí ẹbí yín, nítorí ibojì lè wà tí àmì rẹ̀ ti pa rẹ́. Má ṣe fọwọ́ kan oṣè náà, má sì hú pèrègún. Bí o bá fẹ́ kọ ebè, ní kí bàbá rẹ kọ́kọ́ fi ojúlé bàbá rẹ̀ hàn ọ́, kí o tó gbé ọkọ́ sókè.