Ṣé ó yẹ kí òfin síńtáàsì èdè kọ̀ǹpútà, ìyẹn òfin bá a ṣe ń to ọ̀rọ̀ àti àmì inú rẹ̀, le gan-an?

Tèmi o, kó le níbi tí àṣìṣe ti lè sá pamọ́, kó rọ̀ níbi tí kò ti pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ wo JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá gbàgbé semicolon (;) tó ń parí gbólóhùn, á bá yín fi sí i, ó jọ oore àbí? Àmọ́ ẹ kọ return, àṣẹ tó ń dá iye padà, sórí ìlà kan kẹ́ ẹ wá kọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ dá padà sí ìlà kejì, á yáa fi semicolon sẹ́yìn return yẹn, undefined, ìyẹn pé kò sí iye kankan, lẹ máa gbà, kò ní pariwo rárá. Mo ti fi odidi alẹ́ kan wá irú ẹ̀ rí, jẹnẹrétọ̀ ń ké níta!

Python 2, ẹ̀dà àtijọ́ èdè Python tó ń fi àlàfo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà mọ àwọn ìlà tó jọ wà pọ̀, náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń ka tab (àmì àlàfo ńlá kan) ìbẹ̀rẹ̀ ìlà sí àlàfo mẹ́jọ nígbà tí editor yín, ibi tẹ́ ẹ ti ń kọ kóòdù, lè máa fi mẹ́rin hàn yín, ojú ò ní rí i. Python 3 tó jáde ní 2008 ò gbà, tẹ́ ẹ bá po tab àti space pọ̀ tí kò bára mu, TabError, ìyẹn iṣẹ́ àṣìṣe tó ń jẹ́ fún yín, ni, á sì sọ ìlà tó wà.

Kọ́mà tẹ́ ẹ fi sẹ́yìn ohun tó kẹ́yìn nínú list (àkójọ iye) ńkọ́? Python ò bínú sí i, JSON, ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ dátà ránṣẹ́, ló ń bá èèyàn jà lé e lórí, mi ò rí ìdí kankan tó fi ń jà.