Omi “òkun méjì tí kì í dàpọ̀” kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé. Ó pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá ìyá mi fínra. Ọkùnrin kan ń ta omi òkun ládùúgbò wa, ₦15,000 ni kẹ́ẹ̀gì kan. Ó ní ibi tí òkun méjì ti pàdé tí wọn kò dàpọ̀ ni wọ́n ti bù ú, ó sì fi fídíò rẹ̀ hàn wá: omi apá kan dúdú, ti apá kejì mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ìlà sì wà láàárín wọn gbọọrọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ife kan láràárọ̀ ni kí màmá máa mu, àbí kí wọ́n kàn máa fi wẹ̀?

ÌDÁHÙN: Kí wọ́n má mu ún. Ife kan kọ́, ṣíbí kan kọ́. Mo fi èyí ṣáájú nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ kò ní ka ìyókù.

Èmi kì í ṣe dókítà oníṣègùn o. Ìmọ̀ nípa òkun ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Ifẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ oògùn màmá di ọwọ́ dókítà wọn. Ṣùgbọ́n ìṣirò iyọ̀ kò gba dókítà. Lítà kan omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú. Ní etíkun tiwa ó lè dín díẹ̀ lásìkò òjò, nítorí omi odò tó ń ya wọ̀ ọ́. Ife tíì kan tó gba ìdá márùn-ún lítà yóò ní nǹkan bíi gíráàmù 7. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ọbẹ̀, búrẹ́dì àti ohun gbogbo pọ̀. Ẹni tí wọ́n ti ní kó dín iyọ̀ kù ni ẹ fẹ́ máa bu èyí fún láàárọ̀ kùtù kó tó jẹun?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí fídíò yẹn, nítorí òun gan-an ni wọ́n fi gba owó yín. Ó ti sú mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ránṣẹ́, àlùfáà ń fi ránṣẹ́, ẹni tó ń ta káàdì fóònù náà ń fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fa ìwé mímọ́ wọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ bi ààfáà tàbí pásítọ̀ yín nípa ìwé mímọ́. Fídíò ni èmi ń sọ.

Kò sí òkun méjì nínú rẹ̀. Etíkun Alaska, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti sábà máa ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Yìnyín ńláńlá wà lórí àwọn òkè ibẹ̀. Bí yìnyín náà ṣe ń wọ́ lórí àpáta ló ń lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun. Tí yìnyín bá wá yọ́, àwọn odò bíi Copper River á gbé ìyẹ̀fun yìí lọ sínú òkun. Apá tó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, omi odò tó kún fún ìyẹ̀fun àpáta ni. Apá tó dúdú ni omi òkun. Ken Bruland, onímọ̀ òkun láti yunifásítì California ní Santa Cruz, wà lára àwọn tó ya irú àwòrán yìí ní 2007, nígbà tó ń ṣèwádìí bí èròjà irin ṣe ń ti inú odò dé inú òkun. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé omi méjèèjì máa ń dàpọ̀ nígbẹ̀yìn, àti pé ìlà náà kì í dúró sójú kan.

Kí ló wá fa ìlà? Ìwúwo ni. Omi oníyọ̀ wúwo ju omi odò lọ, omi tútù náà sì wúwo ju omi gbígbóná lọ. Bí omi tó fúyẹ́ bá pàdé èyí tó wúwo, orí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gùn. Ẹ lè dán an wò nílé: ẹ po iyọ̀ ṣíbí méjì mọ́ omi nínú ife onígíláàsì, kí ẹ wá rọra da zobo tí kò ní ṣúgà gba ẹ̀yìn ṣíbí sórí rẹ̀. Ẹ óò rí ìlà, pupa lókè, omi iyọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ wá fi ṣíbí rò ó lẹ́ẹ̀kan. Ìlà náà ti lọ nìyẹn, kò sì ní padà wá. Epo pupa kọ́ nìyí, tí yóò tún léfòó lẹ́yìn tí ẹ bá rò ó tán.

Ẹ kò tiẹ̀ nílò Alaska. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ibi tí ọ̀sà Èkó ti ń já sínú òkun lásìkò òjò lè rí omi pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi aláwọ̀ ewé. Omi Ọ̀ṣun wà nínú èyí tó pupa, nítorí ọ̀sà ni Ọ̀ṣun ń ṣàn lọ, tòun ti ẹrẹ̀ tí àwọn tó ń wa góòlù lágbègbè yín ń rò sínú omi. Ìgbì, àti bí òkun ṣe ń kún tó sì ń fà lójoojúmọ́, ló ń rò ó mọ́ òkun.

Níbi tí òótọ́ díẹ̀ wà, n óò sọ ọ́. Ìpele wà nínú òkun. Omi ojú òkun tiwa lọ́wọ́ọ́rọ́, ó sábà máa ń ju ìwọ̀n 25 Celsius lọ. Ẹ má tíì lọ jìnnà nísàlẹ̀ tí ooru náà yóò fi já wálẹ̀ lójijì. Ìpele tó ti ń já yìí ni àwa ń pè ní thermocline. Lábẹ́ mítà 1,000, òkùnkùn biribiri ni, omi ibẹ̀ sì tutù bí inú fìríìjì. Bẹ́ẹ̀, ìjìnlẹ̀ òkun, tí a bá ṣírò rẹ̀ ní ìpíndọ́gba, jẹ́ nǹkan bíi mítà 3,700, nítorí náà omi tútù ló pọ̀ jù. Ìpele wọ̀nyí kì í tètè dàpọ̀. Ṣùgbọ́n “kì í tètè” yàtọ̀ sí “kì í”. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń rú wá sókè létíkun Ghana àti Côte d'Ivoire, ó ń gbé oúnjẹ ẹja bọ̀ láti ìsàlẹ̀, àwọn apẹja ibẹ̀ sì mọ̀ pé àsìkò ẹja sardinella ti dé. Ní ìhà Greenland àti létí Antarctica, omi tó tutù tó sì níyọ̀ ń rì lọ sísàlẹ̀, ó ń rìn nísàlẹ̀ òkun kiri ayé, ó sì lè tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kó tó yípo tán.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù rèé. Ọkọ̀ òkun Challenger ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbéra ní 1872, kò padà délé títí di 1876. Ó ń bu omi káàkiri ayé, lójú òkun àti nísàlẹ̀. Dittmar, onímọ̀ kẹ́mísírì, yẹ 77 nínú omi wọ̀nyí wò, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1884. Iyọ̀ lè pọ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ, ṣùgbọ́n bí sodium, magnesium, chloride àti àwọn èròjà pàtàkì yòókù ṣe pín iyọ̀ náà láàárín ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ níbikíbi. Bí òkun kan kò bá dá sí èkejì, ta ló bá wọn wọn ìpín náà kó dọ́gba? Títí di òní, ìṣàn kan ń yí Antarctica ká, ó ń gba inú Àtìláńtíìkì, Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì kọjá láìsí ilẹ̀ tó dí i lọ́nà. Omi tó ń gbé kọjá tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún gbogbo odò ayé. Omi kan náà ni, orúkọ ni a fi pín in.

Nípa ẹni tó ń ta kẹ́ẹ̀gì: ibi tí Àtìláńtíìkì ti pàdé Òkun Íńdíà ni Cape Agulhas, ní South Africa. Ta ló ń lọ bu omi níbẹ̀ wá sí Iléṣà kó tó tà á ní ₦15,000? Ẹ̀yin ọmọ òṣómàáló! Ẹ lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi dá owó yín padà.

Wíwẹ̀ ńkọ́? Omi òkun tó mọ́ kì í pa ẹni tó bá fi wẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí kẹ́ẹ̀gì yín, n kò mọ ibi tí wọ́n ti bù ú àbí ohun tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà n kò ní sọ pé kí wọ́n fi wẹ̀, pàápàá bí egbò bá wà lára màmá. Bí wọ́n bá ti mu nínú rẹ̀, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild lónìí, kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, kí ẹ sì sọ òtítọ́ ohun tí wọ́n mu. Kí wọ́n má ṣe dá oògùn tí dókítà kọ fún wọn dúró nítorí ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá kù nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dà á sí gọ́tà, ẹ má dà á sídìí ẹ̀fọ́ yín, iyọ̀ yóò pa á.