Ṣé orúkọ èèyàn ni Fáráò, kí sì ni irùngbọ̀n ń wá lágbọ̀n obìnrin?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé orúkọ ọba kan ni Fáráò àbí oyè ni? Mo tún rí àwòrán ère Hatshepsut, ọba Íjíbítì àtijọ́ kan. Obìnrin ni wọ́n pè é, àmọ́ irùngbọ̀n wà lágbọ̀n rẹ̀. Ṣé ó ń díbọ́n bí ọkùnrin ni?

Ìdáhùn: Oyè ni, àmọ́ kò bẹ̀rẹ̀ bí oyè. Ilé ni. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń pe ààfin ní per-aa: per ni ilé, aa ni ńlá. Fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, ilé ọba gan-an àtàwọn èèyàn inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí, kó tó di pé wọ́n ń fi í pe ẹni tó ni ilé. Èyí ò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu. Bí wọ́n bá ní ààfin ti sọ̀rọ̀, ta ni yóò rò pé ògiri ló la ẹnu? Àwọn Hébérù gba ọ̀rọ̀ náà, inú Bíbélì ló sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí nìyí tí Fáráò ayé Jósẹ́fù àti Fáráò ayé Mósè ò fi lórúkọ níbẹ̀, oyè nìkan la gbọ́. Nígbà tó ṣe, wọ́n wá ń so oyè mọ́ orúkọ, bíi Fáráò Nékò.

Ní ti Hatshepsut, ọmọ Thutmose Kìíní ni, ọbàkan rẹ̀, Thutmose Kejì, ló sì fẹ́ ẹ. Àwọn ọba ibẹ̀ kì í ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ sí èèwọ̀. Ọmọbìnrin ni òun bí fún ọba, Neferure. Obìnrin mìíràn láàfin, Iset, ló bí ọkùnrin, Thutmose Kẹta. Nígbà tí ọba wàjà, ọmọ Iset yìí ṣì kéré gan-an. Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Ineni kọ ọ́ sára ògiri ibojì ara rẹ̀ pé ọba gòkè re ọ̀run, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn òrìṣà, pé ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́, àmọ́ pé Hatshepsut ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà. Adelé ni, ní kúkúrú. Ẹni tó bá ti rí ọmọ ọba obìnrin tó ń ṣe adelé ní Àkúrẹ́ tàbí ní Èkìtì, tó dé fìlà tó wọ agbádá, ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń rò pé ó ti di ọkùnrin.

Ibi tọ́rọ̀ ti yàtọ̀ ni pé adelé tiwa máa ń dìde fún ọba tuntun. Hatshepsut kò dìde. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún keje, ó ti gba orúkọ oyè ọba, Maatkare, ó sì di ọba pátápátá. Kò lé ọmọ náà kúrò lórí oyè o. Àwọn méjèèjì jọ jẹ ọba, ìṣirò ọdún kan náà ni wọ́n sì jọ ń lò, láti nǹkan bí ọdún 1479 sí 1458 ṣáájú ìbí Jésù. Láàárín ìgbà yẹn, ó rán ọkọ̀ ojú omi lọ sí Púńtì, ilẹ̀ kan ní ìhà gúúsù Íjíbítì, wọ́n sì hú igi tùràrí tòun ti gbòǹgbò wá sílé nínú apẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ òpó òkúta akọ méjì fún ilé òrìṣà Amun ní Karnak, ó sì kọ ọ́ sára wọn pé oṣù méje péré ni iṣẹ́ náà gbà. Ọ̀kan ṣì wà lóòró títí dòní, ó ga tó mítà 29.

Ó wá ku irùngbọ̀n. Ẹ wo àwọn ère ọba Íjíbítì dáadáa: nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ máa rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ìdí etí wá sí àgbọ̀n. Okùn ni. Àwọn ọba ọkùnrin pàápàá ń fá irùngbọ̀n tiwọn, wọ́n á wá so ti oyè mọ́ ọn. Ohun oyè ni, bí adé, bí ọ̀pá àṣẹ. Bó bá ṣe pé Hatshepsut ń díbọ́n ni, kò ní jẹ́ kí àwọn akọ̀wé rẹ̀ kọ ohun tí wọ́n kọ. Àwọn ọba máa ń jẹ́ sa Ra, ọmọkùnrin òrìṣà oòrùn. Tirẹ̀ ni sat Ra, ọmọbìnrin. Létà t yẹn ni wọ́n fi ń mọ abo lédè wọn. (Tiwa ò ní wàhálà yìí; "ó" lakọ, "ó" labo, ọba sì lọba.) Orúkọ rẹ̀ gan-an túmọ̀ sí ẹni iwájú láàárín àwọn obìnrin ọlọ́lá.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tí Thutmose Kẹta ti pẹ́ lórí ìtẹ́, wọ́n gbẹ́ àwòrán àti orúkọ rẹ̀ kúrò lára ògiri, wọ́n sì fọ́ ọ̀pọ̀ ère rẹ̀. Wọn ò pa gbogbo létà t náà rẹ́. Ní 1829, Champollion, ará Faransé tó kọ́kọ́ rí ọ̀nà ka ìwé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, dé ilé òrìṣà rẹ̀ ní Deir el-Bahari. Ó rí ọba onírùngbọ̀n lára ògiri, ó ka ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń rí àmì abo níbi tí akọ yẹ kó wà. Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú.