Olú tó hù yípo kì í ṣe ojú agbo àjẹ́

Ẹnìkan béèrè ohun tó mú kí olú funfun hù yípo roboto lórí koríko iwájú ilé wọn ní Alágbàká, l'Ákùúrẹ́ níbí. Kí n tó dáhùn, ẹlòmíì ti ní ibẹ̀ làwọn àjẹ́ ti ń ṣèpàdé lóru, kó lọ wá òróró àdúrà. Inú bí mi. Àgbàlagbà Àkúrẹ́ wo ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Àwọn ará Jámánì ló ń pè é ní òrùka àjẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní iwin ló jó níbẹ̀. Àwọn gan-an ti kúrò nídìí ẹ̀: ní 1792, dókítà wọn kan, William Withering, ti kọ ọ́ pé olú ló fà á.

Olú tí à ń ká, èso lásán ni. Abẹ́ ilẹ̀ lara rẹ̀ wà, fọ́nrán funfun wínníwínní bí òwú. Ojú kan ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń jẹun lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ibi tó bá ti jẹ tán á kú. Etí nìkan ló ń yè, etí náà ló sì ń so nígbà òjò.

Èmi gbà gbọ́ ṣinṣin pé ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ làwọn àgbà wa ń fi olú mọ̀. Ọ̀nà Ìdànrè loko ìyá ìyá mi wà. Tí màmá bá rí olú ọ̀rán tó hù bẹẹrẹ, wọ́n á ní, "Ikán ń bẹ nísàlẹ̀ ibí." Tí olú bá hù níbi tí a kò rí kùkùté, wọ́n á ní ká fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ wò. Gbòǹgbò tó ti jẹrà la máa ń bá, tí nǹkan funfun yẹn ti wé mọ́ ọn. Wọ́n á já olú kan, wọ́n á dojú ẹ̀ délẹ̀, wọ́n á wo abẹ́ ẹ̀, wọ́n á gbóòórùn ẹ̀, kí wọ́n tó jù ú sí agbọ̀n. Lónìí, ti inú agolo nìkan lọmọ yín mọ̀, ẹ sì ń fi àjẹ́ dẹ́rù bà á!

Ẹ bi ẹni tó kọ́lé yẹn bóyá wọ́n gé igi ńlá níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ má sè é jẹ o. Oríṣi funfun ńlá kan wà tó fẹ́ràn àti máa hù yípo lórí koríko ilé, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Ẹ gbé orí ẹ̀ lé bébà funfun mọ́jú. Tí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé, òun nìyẹn. Tí kò bá sì ní àwọ̀ ewé, ìyẹn ò sọ ọ́ di jíjẹ.