Ṣé kí n máa tẹ àdírẹ́sì IP sínú fóònù ọ́fíìsì wa ní Marina lọ́kọ̀ọ̀kan?

Rárá o, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín lágara. DHCP, ìyẹn apá router tó ń pín àdírẹ́sì fún ẹ̀rọ, yóò ṣe é fúnra rẹ̀. Àmọ́ ẹ ya fóònù sọ́tọ̀ sí VLAN tiwọn (nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dá dúró lórí ẹ̀rọ kan náà), kí Wi-Fi àwọn àlejò má baà gba àdírẹ́sì tán mọ́ wọn lọ́wọ́. Àdírẹ́sì 254 péré tó ṣeé lò ló wà nínú /24, ìyẹn ìdìpọ̀ àdírẹ́sì kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi option 66, ọ̀kan nínú ohun tí DHCP lè sọ fún fóònù, kún un: òun ló ń júwe sáfà tí fóònù yóò ti gba ètò rẹ̀. Fóònù Cisco a máa lo option 150, IP nìkan ló sì ń gbà, kì í gba orúkọ. Sáfà yẹn gan-an ni kí ẹ fún ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà. Ẹ sì so router mọ́ inverter, ẹ ṣáà mọ iná Èkó.